Wákàtí Mẹ́fà láti Lọ́ńdọ̀nù

Bí awakọ̀ bàálù ṣe kéde pé wákàtí mẹ́fà la máa lò láti Lọ́ńdọ̀nù dé Àbújá, òórùn ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi ló gba imú mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni, nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Life Camp l'Àbújá. Bùbá tí màmá mi rán sílẹ̀ de bàbá mi tó lọ Lọ́ńdọ̀nù wà lára ìṣó. Màmá mi ní ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ló jìn. Mo gbà pé inú bàálù ni bàbá mi ṣì wà, tí wọ́n ń bọ̀. Kò sí bàálù tó kọjá tí mi ò juwọ́ sí.

Bọ̀ọ̀dá dírẹ́bà tó máa ń lọ gbé àwọn òyìnbó ní pápákọ̀ òfurufú Kánò, nígbà tí bàálù òkè òkun ò tíì máa balẹ̀ sí Àbújá, wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Mo bi í pé oṣù mélòó ni bàálù ń lò láti Lọ́ńdọ̀nù.

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Oṣù kẹ̀? Wákàtí mẹ́fà ni!”

Ẹ̀rọ dákẹ́. Màmá mi ti mọ̀ tipẹ́. Èmi ni wọn ò fẹ́ kí n mọ̀. Wọ́n já bùbá náà lára ìṣó, wọ́n wọn èjìká mi, wọ́n mú àlùmọ́gàjí.

“Ìyá Bọ́lá, aṣọ ọkọ yín kọ́ nìyẹn?”

“Ẹni tí wákàtí mẹ́fà bá jìn lójú rẹ̀, kò láṣọ nílé yìí mọ́.”

Mo wọ bùbá tí wọ́n gé náà tẹ̀lé màmá mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Bàálù kan kọjá lórí wa. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè nínú àwa méjèèjì.