Àwọn Àlejò Tí Kò Tètè Dé Gbọ̀ngàn

Láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì ti dojú dé pẹ̀lú wa lọ́nà Bìní, mi ò rìnrìn àjò mọ́. Kì í ṣe pé mo búra. Ara mi ló kọ̀ ọ́. Tí mo bá jókòó sínú mọ́tò tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa, òógùn á bò mí, àyà mi á sì máa já. Aṣọ òkìrìkà ni mo ń tà nígbà náà, ọ̀nà yẹn ni mo sì ń gbà lọ rà á. Àwa tá a jáde láàyè lọ́jọ́ náà ò pọ̀. Mo máa fi mọ síbẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí, èmi kọ́ ni mo wá a lọ. Ìjọ wa ní Òkìtìpupa gba àwọn obìnrin kan lálejò fún ìpàdé, wọ́n sì ní kí n wá ibi tí wọ́n máa sùn àti ẹni tó máa dáná. Ètò náà lọ geere. Ẹnìkan lára wọn sọ fún ẹgbẹ́ mìíràn, ẹgbẹ́ yẹn náà pè mí. Bó ṣe di iṣẹ́ nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣèpàdé lọ́dọ̀ wa, èmi ni mo ń bá wọn gba gbọ̀ngàn, mo ń wá yàrá, mo ń bá olóúnjẹ sọ̀rọ̀, mo ń rí i pé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó dé. Tí ìpàdé bá parí, mo ń ní kí wọ́n lọ wo bí wọ́n ṣe ń fún epo pupa ní Ìkọ̀yà kí wọ́n tó padà sílé. Àwọn ló ń rìn wá bá mi. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà fún ẹni tí ẹ̀rù ọ̀nà ń bà.

Síbẹ̀, ìpàdé ò pọ̀ tó. Oṣù míì wà tí ẹnikẹ́ni ò ní pè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tá a jọ ń gbé, a sì máa sọ ọ́ sí mi létí.

"Ọjà ṣì wà ní Bìní o. Ṣé ìwọ nìkan ni mọ́tò gbé ṣubú rí?"

Mi ò lè bínú sí i. Òótọ́ ló ń sọ.

Ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ọ̀pẹ pè mí. Ìpínlẹ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n ti ń bọ̀. Alága wọn, bàbá kan tó máa ń sọ̀rọ̀ láìfi bọpo bọyọ̀, ní, "Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tá a bá gbádùn ọ̀dọ̀ yín, ibẹ̀ la ó máa wá lọ́dọọdún. Tá ò bá gbádùn ẹ̀, a ó padà sí Bìní. Wọ́n mọ̀ wá níbẹ̀."

Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ fún mi. Tí wọ́n bá ń wá lọ́dọọdún, mo ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀nà nìyẹn. Tí wọn ò bá wá mọ́, mo máa padà sínú bọ́ọ̀sì.

Mo gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí mo fọkàn tán. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé, mọ́níjà pè mí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìsìnkú ńlá kan ti wọlé. Àwọn ọmọ olóòkú ti gba gbogbo yàrá. Mo pe àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó kù. Olóòkú kan náà ló gba tiwọn. Mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nílé ìdáná.

"Ṣé inú òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n bí ẹ sí ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kí wọ́n tó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ibo ni àlejò ń sùn?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe pín àwọn àlejò sí ilé àwọn èèyàn wa ní Àyèká àti Erinje, tí kò jìnnà sí wa. Ọ̀kadà ni mo gùn lọ bẹ̀ wọ́n. Kò ní ilẹ̀kùn tí wọ́n á tì mọ́ mi, mo sì sọ fún ọlọ́kadà pé kó rọra. Mo yan àwọn ilé náà pẹ̀lú ìṣọ́ra: ilé tí balùwẹ̀ rẹ̀ mọ́, ilé tí ajá wọn kì í bu èèyàn jẹ. Ní Àyèká, Àlàájà kan tó ń ta epo pupa gba àwọn obìnrin. Ní Erinje, tọkọtaya àgbẹ̀ kan tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gba alága àti àwọn ọkùnrin kan. Àwọn onílé tó kù náà gbà tayọ̀tayọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ gbogbo wọn: kí wọ́n má fún àlejò lóúnjẹ àárọ̀. Oúnjẹ àárọ̀ wà ní gbọ̀ngàn. Bọ́ọ̀sì tí mo háyà á kó wọn ní kùtùkùtù, wọ́n á jẹun, ìpàdé á bẹ̀rẹ̀ lásìkò.

"A ti gbọ́," ni Àlàájà wí. "Ṣé ọmọdé ni wá ni?"

Lọ́jọ́ ìpàdé, olóúnjẹ ti gbé mọ́ínmọ́ín àti ògì sílẹ̀, gbogbo àga wà ní títò. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí àga: ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ wá kọ́ wọn nípa àrùn ọ̀pẹ, tó ti inú ìlú wá fúnra rẹ̀. Ó wo yíká, ó wo aago rẹ̀.

"Mà, ṣé òní náà ni?"

Àsìkò kọjá. Bọ́ọ̀sì ò padà. Mo pe awakọ̀, kò gbé e. Mo tún pè é. Mo jáde sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé ẹni tí irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí rí. Tí bọ́ọ̀sì bá pẹ́, èmi kì í rò pé ó pẹ́. Ìró irin ni mo máa ń gbọ́. Mo ń wo ojú títì, mo sì ń sọ fún ara mi pé èmi ni mo kó ọmọ ọlọ́mọ sínú mọ́tò. Mi ò rántí alága àti Bìní rẹ̀ mọ́.

Olóúnjẹ ló jáde wá bá mi. "Ẹ yé wo ojú títì mọ́. Ẹ pe Àlàájà."

Mo pè é.

"Àlàájà, bọ́ọ̀sì dà?"

"Ó wà níwájú ilé mi níbí."

"Awakọ̀ ńkọ́?"

"Ó ń fọwọ́."

"Kí ló ń fọwọ́ fún?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ọma mi, ṣé kí n ní kó máa wo ẹnu àwọn tó kù?"

"Àlàájà! A jọ sọ ọ́! Ẹ ní ẹ ò ní fún wọn lóúnjẹ!"

"Oúnjẹ kẹ̀? Ta ló fún wọn lóúnjẹ? Pupuru díẹ̀ ni."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Pupuru ni gbágùúdá tá a rẹ, tá a fi iná gbẹ, tá a wá rò nínú omi gbígbóná. Kò ní díẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ láàárọ̀ ti jẹ tọ̀sán mọ́ ọn. Gbogbo ilé tí bọ́ọ̀sì sì yà sí, bákan náà ni. Lọ́dọ̀ wa, àlejò tó bá sùn sílé ẹni tó sì jáde láìjẹun, onílé ló dójú tì. Kò sí ètò tó lè borí ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù.

"Ta ló máa jẹ mọ́ínmọ́ín yìí?" ni olóúnjẹ ń bi mí. "Èmi àti ẹ̀yin?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò tíì jìnnà tí orí fi ń já lulẹ̀ níbí, tó ń já lulẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó béèrè ìbéèrè. Ẹni tó ń hanrun nìkan ló dá a lóhùn. Fìlà alága jábọ́ sílẹ̀, kò mọ̀. Mo dúró sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ẹ̀rù mọ́tò ti lọ, ẹ̀rù Bìní wá dé.

Lọ́sàn-án ni àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. Kálukú ní òun wá wo àlejò òun. Àlàájà ló ṣíwájú. Àwọn ló jẹ mọ́ínmọ́ín yẹn tán. Ariwo wọn jí gbogbo gbọ̀ngàn.

"Onílé tèmi ló mọ ọbẹ̀ sè jù," ni àlejò kan wí.

"Irọ́ ni! O ò tíì dé Erinje."

Àgbẹ̀ ọ̀pẹ ni àwọn onílé náà, wọ́n bá jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń bi í ní ìbéèrè títí tó fi bú sẹ́rìn-ín pé kí wọ́n jẹ́ kí òun mumi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, alága pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ètò yín ò dáa rárá. A pẹ́. A sùn nípàdé. Ẹ wo ikùn mi."

Mo ní kí n bẹ̀ ẹ́, ó na ọwọ́ dá mi dúró.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, tí òtẹ́ẹ̀lì bá tiẹ̀ ṣófo, ẹ má gbà á o. Ilé bàbá Erinje yẹn ni mo fẹ́ padà sí."

Wọ́n ti ń wá láti ìgbà náà. Mi ò gba oúnjẹ àárọ̀ sí gbọ̀ngàn mọ́, mo sì ti sún ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé sí ìgbà tí oòrùn bá ti gòkè dáadáa. Akọ̀wé wọn ní káwọn fi mọ́tò tó dáa wá gbé mi, kí n lọ bá àwọn ṣètò ìpàdé kékeré kan nílùú tiwọn. Mo dúpẹ́, mo ní kí wọ́n gbé ìpàdé yẹn náà wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n gbé e wá.