A Ti Gbàdúrà sí Backup Náà, Kí Ni Mo Tún Ń Yẹ̀ Wò?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n rojọ́ ohun tójú mi rí ní Sátidé kan níbi iṣẹ́ wa ní Festac. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé n kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn tán, màá tún padà lọ wò ó bóyá mo tì í. Mo lè ti dé ibùdókọ̀ Second Rainbow kí n pe ilé pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo gáàsì. Àǹtí Ṣé-Ó-Dá-Yín-Lójú ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Mi ò bínú o, orúkọ náà bá mi mu.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi àti ọ̀gá mi, Bọ̀dá Fẹ́mi, la ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Gbogbo ohun tí dókítà bá kọ nípa aláìsàn, inú database ló ń lọ: orúkọ, irú ẹ̀jẹ̀, oògùn tí ara onítọ̀hún kò gbà. Ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà, Daddy la ń pè wọ́n. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, ẹ sì mọ báwọn àgbà yẹn ṣe ń ṣe. Ohun tí wọn ò bá tíì fi sínú fáìlì kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé, kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú tiwọn!

Nígbà tí a kọ́kọ́ ra database yẹn, Daddy ní ká tẹ ìwé ìtọ́ni rẹ̀ jáde, ká dì í pọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n lu òǹtẹ̀ gbàgà sí iwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìwé yẹn la fi ń ṣiṣẹ́. Version tuntun ń wọlé, òmíràn ń tẹ̀ lé e, ìwé wa wà níbi tó wà. Ta ló fẹ́ sọ fún Daddy pé ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ti gbó?

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, a fẹ́ gbé version tuntun mìíràn wọlé. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo la ní, torí náà bá a ṣe ń ṣe é nìyí: a máa ṣe backup, ìyẹn ni pé a máa ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ sórí disk kan lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà a máa nu kọ̀ǹpútà ńlá náà mọ́ féfé, ká gbé version tuntun sí i, ká wá dá àkọsílẹ̀ padà sínú rẹ̀. Ohunkóhun tí kò bá sí lórí disk yẹn, ó ti lọ nìyẹn. Kò sí ibi tá a ti máa rí i mọ́.

Kí ló wá kàn mí níbẹ̀? Àbúrò mi ni! Bùkọ́lá, ọmọ ìyá mi, wà nínú oyún, wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e láti gbé ọmọ jáde. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀ nílé ìwòsàn wa yìí kan náà, abẹ́rẹ́ kan ló fẹ́ pa á. Ojú rẹ̀ wú, kò lè mí mọ́, mo dúró tì í mò ń pariwo. Bùkọ́lá ò mọ orúkọ abẹ́rẹ́ yẹn. Dókítà tó gún un ti japa. Inú database yẹn nìkan ni orúkọ rẹ̀ wà, àwa tí à ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kò sì gbọ́dọ̀ ṣí fáìlì aláìsàn láìjẹ́ pé Daddy wà níbẹ̀.

Nígbà tá a dé láàárọ̀, Daddy kó wa jọ yí kọ̀ǹpútà náà ká, wọ́n gbàdúrà. Àdúrà ọ̀hún gbóná! Wọ́n fi òróró kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kò ní dàrú, nǹkan kan ò ní sọnù. A ṣe Àmín. Bọ̀dá Fẹ́mi ṣí ìwé olóǹtẹ̀, ó tẹ àṣẹ backup bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò pẹ́, kọ̀ǹpútà ní òun ti ṣe tán. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo fa ìwé yẹn, mo wo òkè rẹ̀. Version tí wọ́n kọ síbẹ̀, àwa ti kọjá rẹ̀ tipẹ́tipẹ́! Mo fi han Bọ̀dá Fẹ́mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Àǹtí Ṣé-Ó-Dá-Yín-Lójú ti tún dé, pé ìwé yẹn ò já wa kulẹ̀ rí.

Mo gbé fóònù, mo lọ sórí ìkànnì àwọn tó ṣe database náà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé ìwé ìtọ́ni tó dé kẹ́yìn rèé, ohun tó wà níbẹ̀ sì bá tiwa mu. Ọkàn mi fẹ́ balẹ̀ o! Àfi bí mo ṣe wo ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ tí wọ́n tún un kọ kẹ́yìn, version tí à ń lò ní Sátidé yẹn kò tíì jáde rárá. Háà! Ṣé ẹ rí ayé? Àwọn tó ni ọjà gan-an ò tún ìwé wọn kọ!

Mo wá lọ sí ojú ewé ibi tí wọ́n ti ń to ohun tó yí padà nínú version kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni mo ti rí i: nínú version tí à ń lò, wọ́n ti kó àwọn àlàyé tí èèyàn bá kọ sábẹ́ orúkọ aláìsàn, bí oògùn tí ara ò gbà, lọ sí àyè ọ̀tọ̀, backup ò sì ní í mú un mọ́ àfi téèyàn bá fi ọ̀rọ̀ kan kún àṣẹ náà. Òógùn bò mí nínú AC.

Mo sáré bá Daddy. Wọ́n fajú ro. Wọ́n ní ṣé fóònù ni mo fẹ́ fi ta ko ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí? Wọ́n ní a ti fi iṣẹ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí ni mo tún ń yẹ̀ wò? Àbí mo fẹ́ dán Ọlọ́run wò ni? Bọ̀dá Fẹ́mi ti jókòó, ó kù kó tẹ bọ́tìnì tó máa nu gbogbo ẹ̀ dànù.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àbúrò mi ni. Ẹ jẹ́ ká gbé backup yìí sórí laptop mi, kí ẹ̀yin fúnra yín wo fáìlì Bùkọ́lá. Tó bá pé, ẹ lé mi lọ sílé!"

Daddy ní kí Bọ̀dá Fẹ́mi dúró ná. Wọ́n fa àga.

Laptop ń yí, ó ń yí. Daddy tẹ orúkọ. Bùkọ́lá jáde: ọjọ́ orí rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ ní Raji Rasaki Estate, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bọ̀dá Fẹ́mi ní ṣé mo ti rí i báyìí? Mo ní kí Daddy wo ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ń kọ oògùn tí ara ò gbà sí. Òfìfo! Kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀.

Daddy lọ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ńlá. Orúkọ abẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà pupa, àti ìkìlọ̀ dókítà. Wọ́n padà wo laptop. Wọ́n wo aláìsàn mìíràn, wọ́n tún wo òmíràn. Bákan náà ni gbogbo wọn rí. Daddy ní, "Jésù!" Bọ̀dá Fẹ́mi ká ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì.

A tún backup náà ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fi kún un. A yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé, ká tó nu ohunkóhun. Ṣé Daddy wá bẹ̀ mí? Ẹ̀yin náà! Àgbà ni wọ́n. Wọ́n kàn ní kí n wá jẹun.

Ní Mọ́ńdè, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà tuntun tí kò mọ Bùkọ́lá rí ń ka kọ̀ǹpútà, ó kan lẹ́tà pupa yẹn. Ó ní kí nọ́ọ̀sì dá abẹ́rẹ́ tó ti fà padà, kó lọ mú òmíràn wá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, wẹ́rẹ́, bí ẹni ní kí wọ́n bá òun mú iyọ̀. Nọ́ọ̀sì sì gba iwájú mi kọjá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ yẹn lọ́wọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìwé lè jóòótọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kó má jóòótọ́ mọ́ lónìí. Òǹtẹ̀ ò ní kó má gbó. Ẹ wo ọjọ́ orí ìwé kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́, kẹ́ ẹ sì fi ojú ara yín rí ohun tó ní òun ti ṣe. Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà, Òun náà ló fún wa lójú. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ìlànà àtijọ́ kan ti fẹ́ kó yín sí wàhálà rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á.

Bùkọ́lá, mo mọ̀ pé ìwọ náà máa ka èyí. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ jáde tó o bi mí pé kí ló dé tójú mi pọ́n, mo ní AC ni. Irọ́ ni mo pa. Mo ti rí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ gún ẹ.