Odò Inú Ìwé Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ́ Rí

Òórùn epo dísẹ̀lì ló máa ń kí ènìyàn káàbọ̀ sí Òrè, òórùn búrẹ́dì gbígbóná a sì tẹ̀ lé e. Láti Ìbàdàn ni mo ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì tí tìmùtìmù rẹ̀ ti ya, ẹ̀yìn ń ro mí, ọkàn mi kò sì sí nínú ìrìn àjò náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rán mi. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìwé ìtàn kan ṣoṣo ni a jọ ní, òun ló sì ń kà á sí mi létí títí ẹ̀yìn ìwé náà fi já. Odò kan wà nínú rẹ̀, nítòsí Odígbó, níbi tí ọmọbìnrin inú ìtàn náà ti ń dúró de ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ pé òun yóò débẹ̀. Ọmọ ló kọ́kọ́ dí i lọ́wọ́, lẹ́yìn náà iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, àìsàn kíndìnrín dá a dùbúlẹ̀. Ó ní kí n bá òun lọ wò ó, kí n sì bu omi rẹ̀ wá kí òun lè fọwọ́ kàn án.

Ọ̀kadà gbé mi gba àárín oko kòkó kọjá. Nígbà tí ọlọ́kadà ní, "Ibẹ̀ rèé, sà," mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni. Odò tí ọkọ̀ ojú omi ń ná nínú ìwé kò ju ohun tí màá fò kọjá lọ. Ìjọ Aládùúrà kan ti fi ọparun ṣe ọgbà sí etí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ó rẹ̀ mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ìyá àgbà kan nínú aṣọ funfun rí ike òfìfo lọ́wọ́ mi. Lójú àwọn ará ìjọ náà, ẹni tó bá gbé ike wá láti ọ̀nà jíjìn, omi ìwòsàn ló wá bù.

"Bọ́ bàtà rẹ, ọmọ mi. Ta ni ara rẹ̀ kò yá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Ṣùgbọ́n ìwé kan la kà..."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo dárúkọ rẹ̀. Agbára àtiṣàlàyé kò sí lára mi mọ́. Àwọn obìnrin mìíràn jáde wá, a kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n sì ń pe orúkọ ẹni tí wọn kò rí rí, léraléra, bí ẹni pé ó wà láàárín wa. Èmi tí n kì í fẹ́ràn àdúrà gígùn ń ṣe àmín.

Nígbà tí mo bu omi náà padà délé, tí mo gbé ike náà lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, mo ti ń wá irọ́ tí màá pa nípa bí odò náà ṣe fẹ̀ tó. Kò bi mí. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀ ló béèrè, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Wọ́n pe orúkọ mi létí odò yẹn?"

"Wọ́n pè é títí orúnkún fi ń dùn mí, Àǹtí."

Ó da omi díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó. "A jẹ́ pé mo ti débẹ̀ nìyẹn," ó ní.

Ọdún yẹn kò parí tó fi jáde láyé. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. N kì í bínú mọ́ bí ibì kan kò bá jọ ohun tí mo kà nípa rẹ̀, n kò sì rò pé mo tún lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ìwé náà nísinsìnyí, tí mo kà á dé etí odò, ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń bá níbẹ̀.