Ẹ Má Pe Orúkọ Ẹni Tó Ń Gbá Bọ́ọ̀lù Yẹn

Lónìí, mo rí ọmọ mi tó ti kú, nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ìkẹ́rẹ́.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó fi sílẹ̀ ló jó. Àbúrò rẹ̀, Bọ́sẹ̀, tó ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ní ká gbé kọ̀ǹpútà náà dání lọ ra ọpọlọ òmíràn. Ọlọ́jà gbé méjì kalẹ̀.

"Bàbá, èyí kò wọ́n, ó dára fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Èkejì wọ́n díẹ̀, àmọ́ géèmù kì í há lórí rẹ̀."

Bọ́sẹ̀ ní, "Èyí tí kò wọ́n ti tó. Ta ló ń ṣe géèmù nílé wa mọ́?"

Mo ní, "Ẹ fi géèmù bọ́ọ̀lù rẹ̀ dán méjèèjì wò, kí n tó gbé nǹkan kan lọ sí ulé."

Lórí àkọ́kọ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù inú géèmù ń sáré, wọ́n ń dúró gbagidi. Lórí èkejì, agbábọ́ọ̀lù tí ọmọ mi ṣe ní àwòrán ara rẹ̀ sáré jáde, orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ. Ẹsẹ̀ òsì ló ń lò, bíi ti ọmọ mi gan-an.

Ọlọ́jà ka orúkọ náà sókè.

Mo pariwo: "Má pè é! Àkúdàáyà kì í dúró níbi tí wọ́n bá ti dá a mọ̀!"

Lójú ẹsẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ṣú.

"Bàbá, fáànù tó ń fẹ́ ọpọlọ náà ni mi ò dè dáadáa. Ooru ni."

Ó tún un dè. Ọmọ mi tún sáré jáde.

Èyí tó yára ni mo rà. Bọ́sẹ̀ ṣì ń kùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọmọ náà, ẹ sọ tinú yín, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ síbí.