Ilá tí Mo Gbìn Sábẹ́ Máńgòrò

Mo rántí ìgbà tí mo ń gbé yàrá kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, l'Ádó, tí mo ń ṣe akọ̀wé lọ́fíìsì ìjọba. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí, ṣùgbọ́n mo ń kanra bí ẹni tí eyín ń dùn. Ohun tó fà á kò ju pé n kò dé ilé wa n'Íjàn fún ọdún kan gbáko. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, mo sì ti sọ sí wọn lójú pé n kò kàwé tán kí n tún wá di ọkọ́ mú. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ojú ń tì mí láti padà sílé.

Lọ́jọ́ kan tí mo jágbe mọ́ aládùúgbò nítorí ibi tó sá aṣọ sí, ìyá onílé wa, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, kò bá mi wí. Wọ́n kàn gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n lọ ro ẹ̀yìnkùlé, kí n gbin ohun tó bá wù mí.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mo rò pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Mo ra èso ilá lọ́jà, mo da gbogbo rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níbẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo fádìyẹ. Kò pẹ́ tó fi hù. Láràárọ̀, kí n tó wẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń lọ dúró tì í, ìrì á tutù sí mi lẹ́sẹ̀, ẹyẹ á máa ké lókè, ọkàn mi á sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Èmi tí kì í kí ẹnikẹ́ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí ilá.

Ṣùgbọ́n ilá ń ga, kò so. Àwọn àgbà ní ilá kì í ga ju ẹni tó gbìn ín lọ. Tèmi fẹ́ sọ wọ́n di òpùrọ́. Nígbà tí ewé rẹ̀ ń pọ́n, mo sáré bá ìyá onílé.

Wọ́n ní, "Èmi, ìwé ni mo kọ́ ọmọ. Ṣé ìwọ ò ní bàbá ni?"

Mo pe bàbá mi lórí fóònù. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ilá títí ó fi tán. Wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun, lẹ́yìn náà bóyá oòrùn ń débẹ̀.

Ní Sátidé, wọ́n yọ sí mi pẹ̀lú àdá àti èso ilá tí wọ́n dì sínú bébà. Wọ́n wo ọgbà mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

"Ulá kọ́ lèyí," ni wọ́n wí, ní ohùn ilé tí mo máa ń fi pamọ́ lọ́fíìsì. "Igbó lo gbìn."

A jọ fà á tu, a kọ ebè síbi tí oòrùn ti ń ràn, a gbin èso mẹ́ta-mẹ́ta sí ihò kan. Níbi tí mo ti ń kó èyí tí a fà tu jọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n nítorí ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí. Wọn kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yẹn ti jẹrà," ni wọ́n wí. "Ohun tó bá sì jẹrà, ajílẹ̀ ni."

Ọdún ti gorí ọdún. Mo ti kọ́lé tèmi lọ́nà Ìgèdè, ìyàwó mi sì máa ń sọ fún àlejò pé bí wọ́n bá wá mi tì nínú ilé, kí wọ́n wo ìdí ẹ̀fọ́. Mo ti mọ ilá gbìn báyìí, mo mọ tòmátì àti ewúro pẹ̀lú. Síbẹ̀, bí ewé kan bá pọ́n, mo máa ń pe bàbá mi n'Íjàn láti béèrè ohun tí mo ti mọ̀. Àwọn náà á sì rọra ṣàlàyé rẹ̀ fún mi látìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé n kò gbọ́ ọ rí.