Mẹ́fà Ìbàdàn, Márùn-ún Kotobabi

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò ní Ìbàdàn. Ìyàwó mi di búrẹ́dì àti ẹyin sísè fún mi, ó ní kí n bá òun kí Àǹtí Bísí, kí n sì rántí gbàdúrà fún wọn. Mo bi í pé ṣé òun ni yóò kọ́ mi ní àdúrà, èmi aṣáájú ẹgbẹ́ aládùúrà ìjọ wa.

Àǹtí Bísí nìkan ni ẹ̀gbọ́n tí mo ní. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń ránṣọ ní Accra. Kókó kan hù sí wọn lọ́fun, dókítà sì ní àfi iṣẹ́ abẹ, àti pé wọ́n lè má jí, tàbí kí ohùn wọn lọ. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò yìí ni wọ́n pè mí pé ẹrù náà wúwo ju àwọn lọ, kí á jọ máa kúnlẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀, kálukú nílé rẹ̀. Mo ní kò burú. Mo ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, oorun gbé mi lọ, bó ṣe di àṣà nìyẹn. Bí wọ́n bá sì ti pè, màá ní, “Àǹtí, a wà lórí ìkúnlẹ̀.” Irọ́ ni.

Ọ̀nà Badagry gbọ̀n wá jìgìjìgì, àmọ́ láti Kútọnu lọ, ó tẹ́jú. Bí a ti wọ Tógò, aago fóònù mi fà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Mo rò pé ó bàjẹ́, mo ń gbọ̀n ọ́n. Awakọ̀ wa, bàbá kan ará Ọ̀yọ́, fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí tiwa bá lu mẹ́fà, márùn-ún ni tiwọn, títí dé Gánà. N kò ro ọ̀rọ̀ náà síwájú.

Ẹnubodè Gánà ti tì kí a tó débẹ̀, inú bọ́ọ̀sì la sùn, ọ̀sán ọjọ́ kejì la wọ Accra. Mo ra kẹ́ńkè ní sídì mẹ́jọ owó wọn, ẹja díndín ní ogún. Ẹ̀kọ ni kẹ́ńkè ní tiwa, àmọ́ ó kan, ó sì le, háhá àgbàdo ni wọ́n fi ń pọ́n ọn. Lẹ́yìn náà ni mo wọ trotro, bọ́ọ̀sì kékeré wọn, lọ sí Kotobabi, àdúgbò tí Àǹtí Bísí ń gbé.

Àǹtí Bísí ti rù. Ohùn wọn ti ń há. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní, “Káyọ̀dé, o ò fi mí sílẹ̀.”

Ilẹ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ń mọ́ bọ̀ ni mo gbọ́ ìró ní pálọ̀. Aago márùn-ún ni. Àǹtí Bísí ti kúnlẹ̀ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Mo bi Yétúndé, ọmọ wọn tí wọ́n bí sí Gánà, pé kí ló dé tí wọ́n tètè jí bẹ́ẹ̀.

“Ojoojúmọ́ ni, Ọ́ńkù, paa,” ó ní. Paa, gan-an ni lédè Twi. “Mámà ní ó ti lu mẹ́fà ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ẹ ti kúnlẹ̀, àwọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ máa dúró de àwọn.”

Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tí mo fi ń gbàdúrà fún wákàtí kan lójú ìjọ kò rí nǹkan sọ ju “Olúwa, ṣàánú” lọ. Nílé ìwòsàn, kí àwọn nọ́ọ̀sì tó gbé wọn wọlé, Àǹtí Bísí di ọwọ́ mi mú, wọ́n dúpẹ́ àdúrà oṣù mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n má dúpẹ́. Lórí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí, ohun kan ṣoṣo ló ń já mi láyà: bí wọn kò bá jí, ta ni màá sọ òótọ́ fún?

Wọ́n jí. Ohùn wọn ló lọ. Lọ́jọ́ kẹta, mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo jẹ́wọ́. Omi bọ́ lójú wọn, wọ́n kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, wọ́n fọwọ́ béèrè bírò àti ìwé. Wọ́n kọ ọ́ pé: “Ó dùn mí. Àmọ́ Ẹni tí mo ń ké pè kò sùn.” Wọ́n tún kọ ọ́ sísàlẹ̀: “Mẹ́fà ọ̀la ńkọ́?”

Mo ti padà sí Ìbàdàn báyìí. N kò mọ̀ bóyá àdúrà mi ìbá dá ohùn Àǹtí Bísí sí. Ọlọ́run ló mọ̀. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé n kò lè sọ pé mo gba àdúrà náà. Mo ti fi àdúrà ṣe ọ̀rọ̀ ìkíni, ẹni tó wà ní bèbè ikú sì gbára lé e.

Láàárọ̀, bó bá ti lu mẹ́fà, fóònù mi á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Àǹtí Bísí ni, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Màá fẹsẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, màá kúnlẹ̀, nítorí márùn-ún ti lù ní Kotobabi, wọ́n sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀.