Èédú Ẹ̀yìn Jíìpù

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gun orí òrùlé ilé màlúù wa, níbi tí a ń kó koríko gbígbẹ sí, mo wo ọ̀kánkán òkè títí ojú fi ń ro mí. N kò rí èéfín. Ilgiz, ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo, ló ń bá àwọn àgùntàn gbé ní àgọ́ ìgbà òtútù lókè yẹn. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èéfín ààrò rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ó jí. Lánàá náà n kò rí i. Yìnyín sì ti dí ọ̀nà láti abúlé dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo fẹ́ẹ̀ ṣubú.

Baba Ilgiz wà lábẹ́ jíìpù. Obìnrin ibí kì í pe ọkọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ìwé ò létí, nítorí náà n ó kọ ọ́: Mukash ni. Wẹ́dà ni. Òun ló jó ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn irin abúlé wa, òun náà ló jó irin tó yí sàréè àwọn òkú wa ká. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Bí ènìyàn bá tọrọ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, yóò béèrè bóyá kí òun bọ́ singílẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Inú ìwà yìí ni mo ti ń bá a gbé láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀, ó sì ti mú mi bínú ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Bàbá rẹ̀ ló fi jíìpù náà sílẹ̀ fún un. Kékeré ni, ó sì ti gbó, ṣùgbọ́n táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Mukash la tánkì omi gbígbóná ilé ìwẹ̀ àtijọ́ sí méjì, ó sọ ìdajì kan di irin tí yóò máa wọ́ yìnyín. Ó jó apá irin méjì mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì de apá náà mọ́ ṣaṣí, egungun abẹ́ ọkọ̀, níwájú, ó wá fa ṣéènì kan wọ inú ọkọ̀ kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà lè máa fi ọwọ́ gbé irin náà sókè.

"Ṣé bóòtù yẹn á gbà á?" ni mo bi í.

"Ìyá Ilgiz, jọ̀ọ́, má tíì bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò tíì dè é tán."

Nígbà tó dán an wò nínú àgbàlá, irin wọnú yìnyín, táyà ẹ̀yìn sì ń yí lásán. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí i po.

"Orí rẹ̀ ti wúwo jù," ló wí. "Ìdí ni kò ní. Gbé èédú wá."

Gbogbo àpò èédú tó kù sí wa lọ́wọ́ la kó sẹ́yìn. Yóò tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí a bá dé òkè, yóò di iná fún ọmọ wa. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Mo wọ ọkọ̀, mo di ṣéènì mú.

A ò tíì kọjá ilé kẹta tí Sanabar opó fi jáde sí ẹnu géètì rẹ̀, ìbora lọ́rùn.

"Mukash, ṣé èédú nìyẹn? Ààrò mi ti tutù láti àná."

Lọ́dọ̀ wa, a kì í fi iná du aládùúgbò nígbà òtútù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo fa apá ẹ̀wù ọkọ mi.

"Baba Ilgiz, ọmọ yín ńkọ́?"

"Àpò kan péré ni," ló wí, ó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, Baba Kasymaly, arúgbó tó ń wúkọ́, jáde sí wa. Lẹ́yìn tiẹ̀, ilé tí ọmọ ọwọ́ wà. Bí a ṣe ń la ọ̀nà fún wọn ni a ń gbé àpò sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí a fi jáde lábúlé, àpò kan ṣoṣo ló kù.

Ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán. Ọkọ̀ ń sún padà sẹ́yìn, sí apá ibi tí kòtò wà. Mukash tẹ bíréèkì, a dúró. Ó tún gbìyànjú, a tún sún padà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ ti pín iná ọmọ mi tán," ni mo wí. "Bí nǹkan bá ṣe é, ẹ̀yin lẹ máa jó irin sàréè rẹ̀."

Mukash sọ̀ kalẹ̀. Ó mú ṣọ́bìrì, ó lọ ń gbẹ́ abẹ́ táyà, n kò sì lè wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti jáde, kò ṣeé kó padà.

Ibẹ̀ la wà tí Sanabar fi gba ọ̀nà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là dé. Àpò ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tí a fi ń ran iná èédú wà léjìká rẹ̀, Baba Kasymaly sì ń tẹ̀lé e.

"A gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń ké," ni Sanabar wí. "Kí ló ṣe é?"

"Ìdí rẹ̀ fúyẹ́," ni Mukash wí.

"Tèmi ò fúyẹ́." Obìnrin náà gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ọkọ̀ sì tẹ̀.

Baba Kasymaly náà ń gùn ún.

"Baba, kí lẹ fẹ́ wọ̀n?" ni Sanabar wí. "Egungun lásán lẹ̀yin."

"Egungun náà ní ìwọ̀n tiẹ̀. Sún, obìnrin yìí, o ti gba gbogbo ibẹ̀."

Jíìpù mú ilẹ̀. Mò ń gbé ṣéènì, mò ń sọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ mi ń bó. A ń gùn díẹ̀díẹ̀ títí a fi dé òkè.

Yìnyín ti bo ìdajì ilẹ̀kùn àgọ́. Mo bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Mo pe Ilgiz, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún pè é. Ilẹ̀kùn ilé àgùntàn ló ṣí, ọmọ mi sì yọ síta, koríko kún irun rẹ̀, ètè rẹ̀ dúdú fún òtútù.

"Àárín àgùntàn ni mò ń sùn," ló wí. "Ibẹ̀ móoru díẹ̀."

"Èédú rẹ dà?"

"Mo gbé e fún bàbá arúgbó tó ń da ẹran ní àgọ́ tó tẹ̀lé tèmi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè jáde." Ó wo ẹ̀yìn jíìpù. "Àpò kan ṣoṣo? Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé ìdajì lọ fún un, tiẹ̀ á ti fẹ́ẹ̀ tán."

Mo yíjú sí Mukash. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yẹ bóòtù tí kò tú wò. Mo di ọmọ mi mú, mo sunkún sí i láyà, ara rẹ̀ ń rùn bí àgbò. Sanabar ti wọlé lọ ń fi ìgbẹ́ màlúù rẹ̀ dáná. Nígbà tí èéfín yọ lórí òrùlé, mo wá àpò òfìfo kan, mo kúnlẹ̀ sínú yìnyín, mo sì fi ọwọ́ ara mi ka èédú sí méjì.